Ọyẹ́ Tí A Kò Ti Ilẹ̀kùn

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àlàmísì ni, rédíò Láwàní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Àwa mẹ́ta la wà lábẹ́ àtíbàbà tí a ti ń hun aṣọ òfì ní Gàmbàrí: èmi, Láwàní tó jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá mi, àti Bàbá Kúdí tó kọ́ àwa méjèèjì níṣẹ́. Mo ju ọkọ̀ òwú láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, ọwọ́ òsì kò gbà á. Ó já bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, ojú mi sì ṣú.

"Ẹ̀gbọ́n, oorun ni àbí ọjọ́ orí?" Láwàní ní. "Ẹni tó ni aṣọ yìí ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé o. Ìyàwó tuntun ò ní í lè fi oorun yín jó."

"Òtútù ń mú mi."

"Gbogbo Ìlọrin lòtútù ń mú. Ọyẹ́ ti dé."

Bàbá Kúdí kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde kúrò nídìí òfì tirẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi, ó sì yára fà á padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò orí iná.

"Ọyẹ́ kì í gbóná báyìí, Súlè. Máa lọ sílé."

Mo lọ. N kò tún jókòó nídìí òfì náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Láwàní ló hun aṣọ ìyàwó náà parí.

Ọyẹ́ tó tẹ̀lé ìbò tí wọ́n fagi lé ni mo ń sọ. Àwọn èèyàn ti bi mí léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bí àìsàn náà ṣe rí, pàápàá àwọn tí ọsíbítù ti sọ fún pé ohun kan náà ló wà láyà wọn. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ ìwé kọ, ní kíláàsì àgbà tí wọ́n ń ṣe nírọ̀lẹ́. Ẹ fara mọ́ ọn bí ẹ bá ṣe bá a.

Ikọ́ náà ti wà nígboro kó tó kàn mí. Ní mọ́sálásí, tí imáàmù bá ti dákẹ́, ikọ́ ni à ń gbọ́ láti ìlà iwájú dé ti ẹ̀yìn. Láwàní ti sọ ọ́ lórúkọ. Fagilé ló ń pè é, ó ní bí wọ́n ṣe fagi lé ìbò ni òun náà ṣe ń fagi lé èèyàn. A rẹ́rìn-ín sí i dáadáa. Arúgbó méjì ti kú ní agbolé tó tẹ̀lé tiwa, ṣùgbọ́n a ní arúgbó ni wọ́n.

Nígbà tí mo délé, Rábì ìyàwó mi ń ká òwú lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Òwú tó bá ká ni mo ń hun. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé òwú sílẹ̀, ó tẹ́ ẹní.

Ẹni tó bá ní ibà rí, ó mọ ibà. Ibà a máa lọ, a sì máa bọ̀. Èyí kò lọ. Egungun itan mi ń dùn mí bíi pé wọ́n fi òòlù lù ú. Ẹ̀yìn ẹyinjú mi ń ro mí. Aṣọ ìbora wúwo lára mi, bí mo bá sì ṣí i kúrò, mo ń gbọ̀n. Omi dà bí irin lẹ́nu mi. Ikọ́ náà gbẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dà bí igi tí wọ́n ń ṣẹ́. Nígbà tó wá tutù, ohun tí mo tu sínú agolo ní àwọ̀ ìpẹtà. Rábì gbé agolo náà lọ síta kí Sàfúrátù ọmọ wa má baà rí i. Sàfú kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, òun nìkan ló sì kù sílé nínú àwọn ọmọ wa.

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ní ìlú wa, ẹni tó bá gbọ́ pé aládùúgbò rẹ̀ ń ṣàìsàn tí kò wọlé kí i, ó ti ṣẹ̀. Làádà ńlá wà nínú ìbẹ̀wò aláìsàn, a sì fẹ́ràn làádà. Wọ́n ń wọlé ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n ń jókòó tì mí, wọ́n ń fọwọ́ lé mi níwájú orí, wọ́n ń ṣe àdúà. Àwọn ọmọdé ń mu kókó tí n kò lè mu tán. Àáfà agbolé wa kọ ẹsẹ Àlùkúránì sára wàláà, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú ife. Mo mu ún. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gba ife náà lẹ́yìn mi, wọ́n fi ẹnu kàn án nítorí àlùbáríkà.

Ẹ̀gbọ́n Rábì gun alùpùpù wá láti Òkè-Ọ̀yì. Bàbá Sáká là ń pè é. Ó gbé àpò èèpo igi àti ewé kan dání, ó ní irú èyí ni bàbá wọn fi wo ikọ́ ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ o. Abẹ́rẹ́ àti èyí kì í bára wọn gbé."

Ganíyù àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba tó sì ń gbé ní Ẹ́sítéètì Adéwọlé, dé bá wọn lórí mi. Ó ní, "Ẹ palẹ̀ igi yìí mọ́. Ọsíbítù là ń lọ."

"Ọsíbítù tí wọ́n ti ń gbé òkú jáde," Bàbá Sáká ní. "Ṣé ìwọ ò rí wọn ni?"

"Mo rí wọn. Àwọn tí ẹ kọ́kọ́ fún ní èèpo igi ni."

Àáfà ní kí wọ́n má ṣe pariwo lórí omi àdúà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lórí ẹní mi, wọ́n ń jà. Rábì wọlé pẹ̀lú igbá omi gbígbóná, ó wò wọ́n.

"Ẹ̀yin ọkùnrin," ó ní, "ogún tí ẹ ń pín yìí, ẹni tó ni ín kò tíì kú o."

Èmi gan-an fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló jáde. Rírí tí wọ́n rí bí ikọ́ náà ṣe gbé mi dìde ló parí ìjà. Ganíyù gbé mi lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé padà láti ìyanṣẹ́lódì. Ìlà ti yí ọsíbítù ká kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ lára wa kò lè dúró, nítorí náà àwọn èèyàn ń fi bàtà dípò ara wọn. Ìwọ a lọ fẹ̀yìn ti ògiri, bàtà rẹ a máa dúró lórí ìlà. Bí ìlà bá sún, ẹni ẹ̀yìn a bá ọ sún un. Sálúbàtà aláwọ̀ ewé kan wà níwájú tèmi. Ìlà sún, kò sẹ́ni tó sún un. Ganíyù béèrè ẹni tó ni ín.

"Ẹ kọjá rẹ̀," obìnrin kan ní. "Wọ́n ti gbé e lọ."

A kọjá rẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, gbogbo ìlà náà ń kọjá rẹ̀, ẹnì kan kò sì mú un kúrò.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gún mi lábẹ́rẹ́. Kò sí bẹ́ẹ̀dì, nítorí náà ilé ni kí n lọ, kí n máa padà wá gba abẹ́rẹ́. Ó ní ikọ́ ọyẹ́ lásán kọ́ ni èyí, ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró mi. "Bàbá, ẹ gbọ́. Èémí tí ẹ bá mí síta ni ẹlòmíràn ń mí sínú. Yàrá kan ni kí ẹ wà. Ẹnì kan ni kó máa gbé oúnjẹ fún yín, kó fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Àlejò kankan ò gbọdọ̀ wọlé."

"Nọ́ọ̀sì, Gàmbàrí là ń gbé o," Ganíyù ní.

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí kí ẹ lè mọ ohun tó tẹ̀lé e. Ọ̀nà àbáwọlé kan ṣoṣo ló ní, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni, ilẹ̀kùn onígi ńlá sì wà lẹ́nu rẹ̀. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí ilẹ̀kùn náà ní títì rí. Lálẹ́ a máa ń ta ẹní sí ojú ọ̀nà, ó tán. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, lórí awọ àgbò, ni Ìyá Àgbà ń jókòó sí láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lobìnrin ni. Kò sí ẹni tó wọlé tí kò kí i, kò sì sí ẹni tó kí i tí kò béèrè bàbá bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a ti ọsíbítù dé, Ganíyù sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà fún gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi ilẹ̀kùn, ó gbá etí rẹ̀ mú. Wọ́n ti tẹ́ mi sínú yàrá àkọ́kọ́ tó kángun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

"Gànì, kí lo fẹ́ fi ilẹ̀kùn yẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ tì í ni, Ìyá Àgbà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré. Ọsíbítù ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ọsíbítù náà, ọmọ ilé ta ni?"

Ìyá Àgbà ní kí Ganíyù jókòó. Ó pe Rábì náà, ó ní kí ó wá jókòó.

"Mi ò tíì dàgbà nígbà lúkúlúkú, ikọ́ tó kó ìlú lọ láyé òyìnbó," ó ní. "Mo lè ru ìkòkò omi, mi ò lè sọ ọ́ kalẹ̀ fúnra mi. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin ló gbé ikọ́ náà wá. Ẹni tí o bá kí láàárọ̀, òkú rẹ̀ lo máa gbọ́ nírọ̀lẹ́. Bàbá wa ti ilẹ̀kùn tó o dì mú yẹn, ó fi igi dábùú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ jáde, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé. Ọ̀rẹ́ mi kan wà nílé kejì, Mùínátù. Ó wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní ìyá òun ò dìde mọ́, kí wọ́n fún òun lómi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni mo jókòó sí. Bàbá wa fìka sẹ́nu sí mi, báyìí. Mùínátù kàn án, ó kàn án. Ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, torí ìkúùkù rẹ̀ ò lágbára mọ́. Ó dákẹ́."

Ìyá Àgbà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Kò sẹ́ni tó kú nínú ilé wa. Ẹyọ ẹnì kan ò kú. Nígbà tí a ṣílẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó kí wa. Lọ́jọ́ tí bàbá wa kú, àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló gbé òkú rẹ̀ lọ. Títí mo fi relé ọkọ, 'ọmọ Ilé Atìlẹ̀kùn' ni wọ́n ń pè mí lójú omi. Nígbà tí ọkọ mi kú tí mo padà wá síbí, mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n fojú mi rí i ní títì mọ́."

Ganíyù rọra ní, "Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n ẹ ò kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò kú."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ká ẹrù olè mọ́ lọ́wọ́. Ganíyù jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn. N kò ní èémí tí mo lè fi dá sí i, n kò sì mọ ohun tí ǹ bá sọ ká ní mo ní i.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, àwọn èèyàn sì ń wọlé. Rábì ń gbìyànjú. Ó ń fi ìborùn bo imú rẹ̀ bí ó bá ń fọ̀ mí lára, títí obìnrin kan fi bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti ń rùn ni. Lẹ́yìn ìyẹn kò bò ó mọ́.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò lè sọ nǹkan kan nípa wọn. Mo rántí òrùlé. Mo rántí ohùn Rábì tó ń ka suurá lábẹ́nu, tó máa ń dúró bí èémí mi bá dúró. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ń dúró kí òun lè mọ̀ bóyá aláàyè ni kí òun máa kà á fún tàbí òkú. Lẹ́yìn náà òógùn bò mí ní òwúrọ̀ kan, aṣọ mi rin gbingbin, ebi sì pa mí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ẹní báyìí, ẹ̀rù òógùn yẹn ló yẹ kó bà yín. Inú gbogbo èèyàn dùn. Ìyá Àgbà ní sàráà gbọdọ̀ wáyé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kò sí ẹni tí Ọlọ́run gbé dìde tó ń jókòó sínú ilé jẹ ayọ̀ náà lóun nìkan. Láwàní lọ ra igi ìdáná. Wọ́n ra ìrẹsì àti wàrà. Láti ìdájí ni Rábì ti ń dín máásà lẹ́yìnkùlé, àwọn obìnrin agbolé wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbé mi jókòó sójú fèrèsé, mo ń gbọ́ wọn.

"Ìyá Sàfú, ikọ́ yìí ń dà ọ́ láàmú."

"Èéfín ni. Igi tí Láwàní rà yìí tutù."

"Láwàní mọ igi kẹ̀? Òwú ló mọ̀. Ká ní òwú ni wọ́n ní kó rà, ìrẹsì ìbá ti jinná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Wọ́n tún sọ pé èéfín ni.

Ilé kún. Àwọn àáfà jókòó láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹsẹ̀ ẹní mi. Ìyá Àgbà wà lórí awọ àgbò rẹ̀, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń wọlé, ojú rẹ̀ sì ń dán. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá Kúdí wá. Ó jẹ máásà, ó fọwọ́ lé mi lórí, ó ní òfì mi ń dúró dè mí. Kò rí oṣù tuntun.

Nígbà tí àlejò tó kẹ́yìn lọ, Rábì jókòó ti ògiri, ìkòkò òfìfo wà níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ gbé e, kò gbé e.

"Kí ló dé?" mo ní.

"Ó rẹ̀ mí ni, Bàbá Sàfú. Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀."

Mo wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bí Bàbá Kúdí ṣe kan tèmi. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi.

Tirẹ̀ kò fún un láyè. Èmi ní ọjọ́ púpọ̀ láti fi ṣàìsàn. Òun ti fi okun rẹ̀ tọ́jú mi tán kí ikọ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣú. Bàbá Sáká tún dé pẹ̀lú èèpo igi. Lọ́tẹ̀ yìí kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó gbé e kalẹ̀, ó jókòó, ó ń sunkún. Ganíyù wà lórí ìlà epo bẹntiróò láti àná, mọ́tò rẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú. Láwàní ló rí ẹnì kan tó ní mọ́tò akérò, òun ló gbé wa lọ.

Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀. Mo mú sálúbàtà Rábì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo fi sórí ìlà. Láwàní wọlé lọ bẹ àwọn nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì àgbà ọjọ́sí jáde wá, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú àgbá afẹ́fẹ́ tí aláìsàn fi ń mí, èèyàn méjì ló sì ń pín in lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó ní kí a mú sùúrù. Kò wojú mi nígbà tó sọ ọ́.

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi.

"Ṣé wọ́n fọ ìkòkò yẹn?" ó ní.

"Sàfú ti fọ̀ ọ́."

"Ti ìyá Ṣéù ni. Kí ẹ dá a padà fún un."

Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ládánì ń pe ìrun àílà ní mọ́sálásí tó wà lẹ́yìn ọsíbítù nígbà tí mo rí i pé òògùn kan kò wúlò mọ́. Ìlà sún. Èmi fúnra mi dìde, mo lọ mú sálúbàtà rẹ̀ kúrò, kí àwọn èèyàn má baà máa kọjá rẹ̀.

A sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. N kò ní í purọ́ fún yín: ilé kún. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́, àwọn tó pọn omi, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, kò sí ẹni tí a ránṣẹ́ pè nínú wọn. Wọ́n kàn wọlé ni. Mo rí ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń ba Ìyá Àgbà láti kékeré, mo sì rí i pé ohun tó yẹ kó bani lẹ́rù ni. Òkú tí kò sẹ́ni tó gbé e burú. Ó ràn mí lọ́wọ́ pé wọ́n wá. Àwọn kan nínú wọn ń wúkọ́.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Mo ti lé díẹ̀ ní ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Èémí mi kò padà tán. Bí mo bá rìn láti ilé dé mọ́sálásí, mo ní láti dúró lọ́nà, mo sì máa ń ṣe bí ẹni tó ń tún bàtà rẹ̀ ṣe. N kò lè hun aṣọ mọ́, àyà mi kò gbà á. Òwú ni mò ń ká fún Láwàní, lórí àpótí tí Rábì ń jókòó sí. Sàfú ṣàìsàn náà, kò kú. Ó ti wà nílé ọkọ. Ìyá Àgbà kú nígbà òjò ọdún tó tẹ̀lé e, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Àwọn tó gbé òkú rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ ní kí n gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ lọ sí ọsíbítù ní kíá, kó tó di pé àgbá afẹ́fẹ́ ni ẹ ń wá. Bí òógùn bá bò yín tí ebi sì pa yín, ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run á gba sàráà yín nígbà tí ọyẹ́ bá lọ. Bí ẹni tó ń tọ́jú yín bá ní èéfín ló ń mú òun wúkọ́, ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. N kò lè ṣèlérí fún yín pé ó tó.

Ó ku òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú Rábì tí n kò tíì sọ.

Mo ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà nígbà tí mo gbọ́ ikọ́ Sàfú. Mo dúró, omi wà lọ́wọ́ mi. Ó tún wúkọ́. Kì í ṣe èéfín. A kò tíì dáná.

Mo kírun, mo mú àdá, mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti tún ilẹ̀ ibẹ̀ rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà lúkúlúkú, sìmẹ́ńtì sì ti bo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu àdá họ ọ́. Mo ń họ díẹ̀, mo ń sinmi díẹ̀. Ìyá Àgbà dìde jókòó lórí awọ àgbò rẹ̀.

"Súlè. Ta lo fẹ́ tì í mọ́?"

"Sàfú ń wúkọ́, Ìyá Àgbà."

Ó wo àdá ọwọ́ mi.

"Àwọn tó wẹ ìyàwó rẹ lánàá ló ń bọ̀ wá kí ọ. Àwọn lo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́?"

"Àwọn ni."

Ó fa ìborùn bo orí rẹ̀. Mo họ ọ́ títí ilẹ̀kùn fi yẹ̀. Mo gbé àpótí jáde, mo fa ilẹ̀kùn tì láti ìta, mo fi àdá há ìdí rẹ̀, mo sì jókòó síwájú rẹ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo ojú títì, n kò rí mọ́sálásí.

Àwọn obìnrin náà ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n gbé abọ́ kókó àti àkàrà dání. Wọ́n kí mi, mo dáhùn. Wọ́n ní kí n ṣílẹ̀kùn kí àwọn wọlé lọ rẹ ọmọ náà lẹ́kún, kí àwọn sì kí Ìyá Àgbà. Mo ní kí Ọlọ́run san wọ́n lẹ́san. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé abọ́ náà kalẹ̀ síbẹ̀.

Wọ́n dúró. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó da omi sí Rábì lára lánàá, wo ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ilé Atìlẹ̀kùn," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo gbọ́ ọ láti inú. Ẹnì kan ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, ó ń kàn án, ó ń kàn án. Mo mọ ọwọ́ náà, ọwọ́ Ìyá Àgbà ni. N kò dìde. Mo fẹ̀yìn tì í.